Lẹ́tà láti Òkelele

Rẹ̀mílẹ́kún, mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́.
Ṣọ́ọ̀ṣì náà ga lóòótọ́,
ó dà bí òkè tí ẹnì kan jókòó tì, tó gbẹ́ fèrèsé sí lára.
O ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún,
o ní agogo rẹ̀ kì í jẹ́ kí o sùn lọ́jọ́ Sátidé,
òjò ibẹ̀ kì í rọ̀, kì í dá,
ó kàn ń ṣe winniwinni bí ẹkún ọmọ tí ebi kò pa,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí títì olókùúta
pẹ̀lú gáùn dúdú lọ́rùn, bíi lọ́yà tó pẹ́ dé kóòtù.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi han Ńdàgí, ará Pàtígi tí a jọ ń gbé.
Ó ní, "Bi í pé ṣé iná máa ń lọ níbẹ̀."

Iná ti lọ níbí láti ìrọ̀lẹ́ àná.
Fóònù mi ti fẹ́ kú,
ẹ̀yìn nóòtì jíọ́lọ́jì ni mo ń kọ èyí sí,
màá yà á ní fọ́tò bí Nẹ́pà bá rántí wa.

O bi mí pé ìlú tèmi ńkọ́.

Láago mẹ́rin ààbọ̀ ni ladánì kọ́kọ́ pe ìrun,
ti Gàmbàrí gbà á, ti Pàkátà tẹ̀lé e,
títí ohùn wọn fi hun ara wọn bí ẹní lókè òrùlé páànù.
Èmi ọmọ olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì,
ìpè yẹn ni mo fi ń jí kàwé.
Bí mo bá yege, ladánì ní ìpín níbẹ̀.
Kó tó di aago méje mo ti wà ní Gáréèjì Típà:
igba ènìyàn, kórópe kan,
ìgbúnwọ́ la fi ń wọ yunifásítì.

Onílé wa, Ìyá Sínátù, ìkòkò ló ń mọ.
Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń sun ún;
èéfín á wọlé, á jókòó lórí ìwé mi bí àlejò tí kò mọ ìgbà.
Lọ́jọ́ kan ó bi mí, "Kí ni wọ́n ń kọ́ ọ nílé ìwé yín?"
Mo ní, "Òkúta ni, ìyá, àti amọ̀. Bí wọ́n ṣe dé ilé ayé."
Ó wò mí.
Ó mú ìkòkò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná bọ̀,
ó fi ìka kàn án létí: gbọ̀ọ̀n.
"Èyí gbọ́ràn."
Ó kan òmíràn: pó.
"Èyí ti sán nínú. Ojú ò lè rí i. Ṣé wọ́n kọ́ yín ní èyí?"
Mi ò rí èsì fọ̀.
Agogo rẹ ni mo rántí.

Rẹ̀mílẹ́kún, Èsìẹ́ la ti wá,
níbi tí ère òkúta ti jókòó tí kò ka ọdún fún ẹnikẹ́ni.
Má fi òkúta dẹ́rù bà mí.
Ìlú yìí náà, ara òkúta ló ti mú orúkọ:
àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ irin
kí ọkọ́ àti àdá tó mú.
Mo lọ wò ó ní Ìdí-Àpẹ,
mo ki ọwọ́ bọ ojú ibi tí irin jẹ.
Ó tutù. Ó gba ọwọ́ mi.

Ìwọ lọ.
Èmi náà ń lọ, àmọ́ lílọ irin ni tèmi:
ojú kan ni mo wà, mo ń dínkù, mo ń mú.
(Bàbá mi ò tíì san owó ilé ìwé tán. Má sọ fún ìyá rẹ.)

Ṣé òótọ́ ni pé búrẹ́dì ibẹ̀ ò dùn?
Mo ra wàrà díndín lánàá, mo fi ìdajì pamọ́ dè ọ́
bí ẹni pé ọ̀la lo máa dé.
Ńdàgí jẹ ẹ́.

Ladánì ti tún bẹ̀rẹ̀, ìrun alẹ́ ni.
Nígbà tí agogo tìrẹ bá lù,
bá mi fi ìka kan ògiri ńlá yẹn létí,
kí o sì kọ̀wé sọ bó ṣe dún.